Wọ́n Jàre Sony Ní Kóòtù, Síbẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ Wọn Kógbá Sílé

Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Sony àti àwọn kan tó ń ta software kọ̀ǹpútà lọ́dún 1999, ìjà àgbà àti ọmọdé ni. Sony tí ẹ mọ̀ yìí náà ni o, Sony tó ni PlayStation tí àwọn ọmọ yín ń tìtorí ẹ̀ gbàgbé oúnjẹ alẹ́. Ẹni tí wọ́n wọ́ lọ sí kóòtù kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn rárá. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ bleem! ni, tí Randy Linden àti David Herpolsheimer dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ò lọ́jú pọ̀ púpọ̀: wọ́n ṣe nǹkan tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ilé lásán máa gbá géèmù PlayStation, láìjẹ́ pé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ọ̀hún ra PlayStation.

Ẹlòmíì á ti sọ níbi tó jókòó sí pé olè nìyẹn. Kẹ́ ẹ má tíì yára dájọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ná.

Emulator ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ìsọjí ìta gbangba tí wọ́n bá pe pásítọ̀ òyìnbó sí. Òyìnbó ò gbọ́ Yorùbá, àwọn ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀ á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òyìnbó. Bí òyìnbó bá sọ gbólóhùn kan, òun náà á sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí òyìnbó bá fò sókè, òun náà á fò sókè. Bí òyìnbó bá bú sẹ́kún, ògbufọ̀ á wá omi ojú wá látibikíbi tó bá ti lè rí i. Iṣẹ́ emulator gan-an nìyẹn. Géèmù tí wọ́n kọ fún PlayStation, èdè chip inú PlayStation nìkan ló gbọ́. Chip inú kọ̀ǹpútà ilé, èdè tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Emulator á wá dúró láàárín àwọn méjèèjì, á máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu géèmù, á máa túmọ̀ ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, á sì máa fi èsì ránṣẹ́ padà bíi pé òun gan-an ni PlayStation. Géèmù ò gbọdọ̀ fura pé ilé onílé lòun wà.

Ohun tó mú iṣẹ́ náà le ni àsìkò. Ògbufọ̀ ìsọjí lè dúró mí, òyìnbó á dúró dè é. PlayStation kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Chip tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀ ń lù bí ìgbà tí ọkàn èèyàn ń lù, ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù 33 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń ya àwòrán wà lọ́tọ̀, èyí tó ń gbé ohùn jáde wà lọ́tọ̀, èyí tó ń ṣe ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí lójú àwòrán náà wà lọ́tọ̀, gbogbo wọn á sì máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ emulator, gbogbo wọn ni yóò ṣe pọ̀. Bí ohùn bá fi díẹ̀ pẹ́ dé, etí ẹni tó ń gbá géèmù á ti gbọ́ ọ pé nǹkan ń já. Bí àwòrán bá fi díẹ̀ yá jù, mọ́tò tó yẹ kó yí kọ́nà á ti wọ inú ògiri lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ ṣe bí ẹ̀rọ mìíràn gbọ́dọ̀ lágbára ju ẹ̀rọ náà lọ fíìfíì.

Randy Linden ti mọ èyí tipẹ́. Ọmọ Kánádà ni, kọ̀ǹpútà ló sì fi ń jẹun látìgbà èwe ẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, kọ̀ǹpútà méjì kan gbòde lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ilé-iṣẹ́ Commodore ló sì ṣe méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ ni Commodore 64 tó jáde ní 1982, ìkejì ni Amiga tó dé ní 1985. Amiga dùn ún wò ju Commodore 64 lọ, ohùn ẹ̀ dára jù, àwọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù. Àmọ́ ẹni tó bá ti ní géèmù tó kún inú páálí fún Commodore 64 ò lè gbá ẹyọ kan nínú wọn lórí Amiga. Ilé-iṣẹ́ ReadySoft ní Kánádà rí i pé ọjà wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé The 64 Emulator jáde ní 1988 nìyẹn, tí Linden sì wà lára àwọn tó ṣe é, kí Amiga lè máa ṣe bíi Commodore 64.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ ó ń wọ́ bíi mólùé tó gbé èrò kọjá ààlà tó fẹ́ gun bíríìjì. Chip Amiga ń lù ní bíi mílíọ̀nù 7 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Commodore 64 ń lù ní bíi mílíọ̀nù 1. Èèyàn á rò pé ìlọ́po méje á tó. Kò tó rárá. Àṣẹ kan ṣoṣo tí Commodore 64 bá pa, Amiga ní láti kọ́kọ́ wò ó pé kí ni wọ́n ń wí, á wá a rí nínú ìwé ìtumọ̀, á ṣe é, á yẹ ibi tó kàn wò, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kó tó parí ẹyọ kan, òun fúnra ẹ̀ á ti pa àṣẹ tó lé ní mẹ́wàá. Ìṣirò yẹn ni Linden gbé sórí látìgbà náà, kò sì gbé e kalẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú orí tó wà lọ́rùn ọkùnrin yìí, kó gbọ́ ti Doom. Géèmù ìbọn tó jáde fún kọ̀ǹpútà ní 1993 ni, tí gbogbo ayé sì ń sáré tẹ̀ lé. Ẹ̀rọ géèmù Super Nintendo ò lágbára tó láti gbé e, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ á sọ fún yín bẹ́ẹ̀. Linden ní ó máa gbé e. Irinṣẹ́ tí òun á fi ṣe é ò sí lọ́jà, ló bá jókòó ti Amiga ẹ̀, ó kọ gbogbo irinṣẹ́ náà fúnra ẹ̀. Ó gba káṣẹ́ẹ̀tì géèmù Star Fox, ó tú u, ó tún un ṣe. Ó mú páàdì ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbá géèmù, ó so wáyà wọn mọ́ ojú ihò tí wọ́n ń ki wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí lẹ́yìn Amiga, kí ẹ̀rọ méjèèjì lè máa bára wọn sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ sì wá wò ó, Commodore tó ṣe Amiga ọ̀hún ti wọ gbèsè wọ́n sì ti kógbá sílé ní 1994. Síbẹ̀ Doom jáde fún Super Nintendo ní 1995. Àwọn kan ní àwòrán ẹ̀ ń ṣe wúruwùru. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọṣẹ́ ò yé é sọ pé báwo ló ṣe ṣe é.

Ọkùnrin tó dojú kọ PlayStation nìyẹn.

Sony gbé PlayStation jáde ní Jàpáàn ní December 1994, ó dé Amẹ́ríkà ní 1995, ó sì tà wàràwàrà débi pé nígbà tó máa fi kúrò lọ́jà, èyí tí wọ́n ti kó jáde lé ní mílíọ̀nù 100. Ohun tí Linden fẹ́ ṣe ni pé kí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà Pentium nílé ki síídì PlayStation bọ̀ ọ́, kó sì máa gbá a lọ. Assembly ló fi kọ iṣẹ́ náà, ìyẹn èdè tó sún mọ́ ti chip fúnra ẹ̀ jù lọ, tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé software kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Ó tún mọ ohun kan tí àwọn èèyàn ò tètè rò. Nínú kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà yẹn, káàdì àwòrán kan ti ń wọlé tó lágbára ju ti PlayStation lọ. Linden wá gbé iṣẹ́ àwòrán lé káàdì náà lọ́wọ́. Nígbà tí bleem! dé lọ́dún 1999, àwòrán tí àwọn mìíràn rí lórí kọ̀ǹpútà wọn mọ́ ju èyí tí PlayStation fúnra ẹ̀ ń gbé jáde lọ. Ọmọ tó lọ kọ́ṣẹ́ wá ń ránṣọ ju ọ̀gá lọ nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo géèmù ló ń lọ geerege lórí ẹ̀ o, àwọn kan ò tiẹ̀ dìde rárá, àmọ́ èyí tó ń lọ tó láti dẹ́rù ba Sony.

Bleem! nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní January ọdún 1999 yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ Connectix ní California ti gbé tiwọn jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh. Virtual Game Station ni wọ́n pè é, dọ́là 49 sì ni wọ́n ń tà á. Ibi ìpàtẹ Macworld ni wọ́n ti kéde ẹ̀, tí Steve Jobs, ọ̀gá Apple, fúnra ẹ̀ sì polówó ẹ̀ lórí ìtàgé. Oṣù náà ò tíì parí tí Sony fi gbé wọn lọ sí kóòtù. Nígbà tó di oṣù April, ẹjọ́ ti bleem! náà wọlé.

Kí ló ń bí Sony nínú? Wọ́n ní àwọn kan ń fi òógùn àwọn jẹun. Wọ́n ní nínú PlayStation, software kan wà tí wọ́n ń pè ní BIOS, tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ ń jí bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà, tó ń sọ ohun tí kálukú máa ṣe fún un. Sony ló kọ ọ́, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ sì dáàbò bò ó. Àwọn ẹnjiníà Connectix ra PlayStation lọ́jà, wọ́n yọ BIOS náà látinú chip, wọ́n dà á sínú kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n wá ń wo bó ṣe ń ṣe, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n á ṣe kọ tiwọn. Bí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, wọ́n á tún dà á kọ. Lójoojúmọ́. Lójú Sony, àdàkọ lọ́nà àìtọ́ ni gbogbo ẹ̀. Connectix ní kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ Sony kan nínú ohun tí àwọn tà fún aráyé, bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìkan làwọn kọ́.

Ó yẹ kí ohun kan yé wa níbí, torí pé àwọn èèyàn máa ń dà á pọ̀ mọ́ra wọn. Àwọn tó ti ṣe ṣọ́ọ̀bù géèmù l'Ékòó mọ PlayStation tí wọ́n ń so chip kékeré mọ́ nínú kó lè gba síídì tí wọ́n dà kọ. Síídì ayédèrú nìyẹn, ẹni tó kọ géèmù náà ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Emulator kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra bleem! lè lọ ra ojúlówó síídì lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ohun tí kò rà ni àpótí Sony. Olè lè fi ọ̀kadà sá lọ, ìyẹn ò sọ ẹni tó rọ ọ̀kadà di olè.

Adájọ́ àkọ́kọ́ gbè sẹ́yìn Sony, ó sì ní kí Connectix dáwọ́ ọjà tí wọ́n ń tà dúró ní April 1999. Fún oṣù bíi mẹ́wàá, Virtual Game Station ò ṣe é tà. Ọdún kan nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí ọdún mẹ́wàá níbòmíì ni. Ìgbà tó di ọjọ́ 10 February, ọdún 2000, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn da ìdájọ́ náà nù. Àwọn adájọ́ ní kò sí ọ̀nà míì tí èèyàn fi lè mọ bí BIOS ṣe ń ṣiṣẹ́ ju kó dà á kọ wò lọ, àti pé ohun tí Connectix ṣe jáde kì í ṣe àdàkọ PlayStation, nǹkan tuntun ni. Ní ti ẹjọ́ pé wọ́n ń dà á kọ lójoojúmọ́, wọ́n ní òfin ò fi iye ìgbà tí ẹnjiníà da nǹkan kọ dájọ́. Wọ́n tún fi kún un pé ó yé àwọn pé Sony á fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀rọ tòun nìkan ni wọ́n á máa fi gbá géèmù òun, ṣùgbọ́n òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ò fún un ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Ti bleem! tẹ̀ lé e ní May 2000. Bleem! máa ń gbé àwòrán méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìpolówó ẹ̀, ti PlayStation rèé, tiwa rèé, ẹ fojú yín wò ó. Sony ní àwòrán géèmù àwọn ni, wọn ò gbọdọ̀ lò ó. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan náà ní wọ́n lè lò ó, torí pé oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó fẹ́ fowó rà.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Sony fúnra ẹ̀ ti jókòó sí àga olùjẹ́jọ́ rí. Nígbà tí Sony ń ta Betamax, ẹ̀rọ fídíò tó ń gba sinimá sílẹ̀ látorí tẹlifíṣàn, àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá Universal àti Disney wọ́ ọ lọ sí kóòtù pé ó ń kọ́ aráyé lólè. Ẹjọ́ náà dé kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́ 5 dá Sony láre, àwọn 4 ò gbà. January 1984 ni. Ọdún 15 lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu tí Sony fi bẹ̀bẹ̀ níjọ́sí ti yí padà.

Àwọn tó jàre náà ńkọ́? Àwọn àgbà máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àmọ́ ti Connectix yàtọ̀. Ní March 2001, òun àti Sony jókòó, wọ́n parí ìjà, Sony sì ra Virtual Game Station lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ò ní gbàgbé pé ẹni tó bá ra ewúrẹ́ lè so ó mọ́lẹ̀, ó sì lè pa á jẹ. Sony pa á jẹ. Wọn ò tà á mọ́. Nígbà tó di 2003, Microsoft ra software mìíràn tó ń mówó wọlé fún Connectix, ilé-iṣẹ́ náà sì tì lọ́dún yẹn kan náà.

Bleem! ò rí ẹni rà á. Ìdájọ́ ń bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀, owó lọ́yà ń jáde lápò ẹ̀. Sony lè san owó lọ́yà fún ogún ọdún kó má mọ̀ pé nǹkan jáde. Fún ilé-iṣẹ́ kékeré, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí lọ́yà bá kọ, owó oṣù ẹnìkan ni. Wọ́n ṣì gbìyànjú. Ní 2001, wọ́n gbé Bleemcast jáde, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ Dreamcast ti ilé-iṣẹ́ Sega máa gbá géèmù PlayStation, síídì kan fún géèmù kan: Gran Turismo 2, Tekken 3, Metal Gear Solid. Iṣẹ́ tó wúni lórí ni. Àmọ́ Sega ti kéde pé àwọn ò ní ṣe Dreamcast mọ́ ní ọdún yẹn gan-an. Wọ́n kọ́lé sórí ilẹ̀ tí àgbàrá ti ń wọ́ lọ. Nígbà tó fi máa di ìparí 2001, bleem! ti kógbá sílé. Wọn ò pàdánù ẹjọ́ o. Owó ni ò tó.

Àwọn kan á ní òmùgọ̀ ni wọ́n, pé kí ló gbé ẹ̀lírí dé ìsàlẹ̀ erin. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ tí wọ́n gbà yẹn ò kú pẹ̀lú wọn. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà bá jókòó láti kọ emulator, tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́, ìdájọ́ ọdún 2000 ni lọ́yà ẹ̀ kọ́kọ́ máa nawọ́ mú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù gbá géèmù PlayStation àtijọ́ lónìí, tí wọ́n ò gbọ́ orúkọ bleem! rí, abẹ́ òjìji igi yẹn ni wọ́n jókòó sí.

Randy Linden náà ò jáwọ́. Ní 2020, ó da gbogbo ohun tó kọ fún Doom ti Super Nintendo síta lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ lè kọ́ ọ. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Limited Run Games kéde pé òun àti àwọn jọ ń tún géèmù náà ṣe, káṣẹ́ẹ̀tì tuntun fún Super Nintendo àtijọ́, pẹ̀lú chip òde òní nínú ẹ̀. Ọdún tó lé ní 25 lẹ́yìn tó kọ́kọ́ ṣe é, ó tún padà sídìí ẹ̀.

Ti Sony ló kù. Ní ọjọ́ 3 December, ọdún 2018, wọ́n gbé àpótí kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní PlayStation Classic, géèmù àtijọ́ 20 wà nínú ẹ̀, dọ́là 100 dín sẹ́ǹtì kan ni wọ́n ń tà á. Nígbà tí àwọn èèyàn wo ohun tó ń gbé géèmù náà nínú ẹ̀, wọn ò bá chip PlayStation àtijọ́ níbẹ̀. Emulator ni wọ́n bá. Kì í sì í ṣe èyí tí Sony kọ. PCSX ReARMed ni, tí àwọn kan tí ò gba owó oṣù lọ́wọ́ Sony kọ tí wọ́n sì fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé àṣẹ tó wà nínú ẹ̀rọ náà, lábẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà.